Ìtàn Hammurabi, Ọba Bábílónì Tí Ó Kọ Òfin Sára Òkúta

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọ́ àwọn ọmọdé ní orí kọkànlélógún ìwé Ẹ́kísódù, bó pẹ́ bó yá, yóò pàdé ọmọ kan tí yóò béèrè bóyá òótọ́ ni pé ọba abọ̀rìṣà kan ti ṣe òfin nípa màlúù tí ń kan ènìyàn àti nípa ojú tí a fọ́, ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ṣáájú òfin Mósè. Òótọ́ ni. Kò yẹ kí olùkọ́ bẹ̀rù ìbéèrè náà, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ó fi ẹgba dá ọmọ náà lóhùn. Hammurabi ni orúkọ ọba náà, ìtàn rẹ̀ ni mo sì fẹ́ sọ.

Etí odò Eufrate ni ìlú Bábílónì wà, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Ìráàkì lónìí. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ń tẹ̀ lé, ní ọdún 1792 ṣáájú ìbí Olúwa wa ni Hammurabi gorí oyè lẹ́yìn Sin-muballit baba rẹ̀. Òun ni ọba kẹfà nínú ìdílé wọn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìlú ńlá tí a kà nípa rẹ̀ nínú ìwé Dáníẹ́lì ni ó jogún. Bábílónì kò tíì di ìlú ńlá nígbà náà, àwọn ọba alágbára sì yí i ká níhà gbogbo. Fún bí ọgbọ̀n ọdún, Hammurabi ń mọ odi, ó ń kọ́ ilé òrìṣà, ó ń gbẹ́ ipa odò, ó sì ń bá àwọn aládùúgbò rẹ̀ dá májẹ̀mú. Lẹ́yìn náà ni ó dìde. Ní ọdún 1763 ó gba Larsa lọ́wọ́ Rim-Sin, arúgbó ọba tí ó ti lo bí ọgọ́ta ọdún lórí ìtẹ́. Kò pẹ́ tí ó fi yíjú sí Mari, ìlú Zimri-Lim, ọba tí òun àti òun ti jọ ń yá ara wọn ní ọmọ ogun. Ó gba ìlú náà, ó sì wó odi rẹ̀ lulẹ̀. Nínú ọ̀ràn yìí èmi kò rí ohun tí mo lè yìn. (Àwọn ìwé àlàyé Bíbélì àtijọ́ kan sọ pé òun ni Amráfẹ́lì inú Jẹ́nẹ́sísì orí kẹrìnlá, àwọn ọ̀mọ̀wé ti pa èrò náà tì.)

Àwọn lẹ́tà rẹ̀ ni ó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ díẹ̀. Ara amọ̀ ni wọ́n ń kọ̀wé sí nígbà náà, ọ̀pọ̀ nínú ìwé amọ̀ tí ó fi ránṣẹ́ sí Sin-idinnam, ìjòyè rẹ̀ ní Larsa, ni a sì ti wú jáde. Ọba tí ó ṣẹ́gun ìlú púpọ̀ náà ni ó jókòó tí ó ń pàṣẹ kí a kó ẹrẹ̀ kúrò nínú ipa odò báyìí. Ó gbọ́ pé a gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ní ìlú kan; ó ní kí a wádìí rẹ̀, bí ó bá jẹ́ òtítọ́, kí a di owó náà ní èdìdì, kí a sì fi àwọn tí ọ̀ràn kàn ránṣẹ́ sí òun. Ní ọdún kan, oṣù wọn kò bá àkókò ọdún mu mọ́, ó sì pàṣẹ kí a fi oṣù kan kún un. Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ pé ìṣákọ́lẹ̀ tí ó yẹ kí ó dé ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e kò gbọdọ̀ dúró de oṣù náà. Inú oṣù àfikún ni kí ó dé. Ó fi oṣù kún ọdún, kò fi ọjọ́ kan kún àkókò owó!

Nígbà tí ìjọba rẹ̀ ń lọ sópin ni ó gbé òkúta dúdú kan ró, tí gíga rẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ. Ní òkè rẹ̀ ni a gbẹ́ àwòrán ọba náà sí, ó dúró níwájú Shamash, òrìṣà oòrùn àti ti ìdájọ́, ẹni tí ó jókòó tí ó na ọ̀pá àti òrùka oyè sí i. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn òfin wà, tí àwọn ọ̀mọ̀wé kà sí 282. Ó ní kí ẹnikẹ́ni tí a bá fi ìyà jẹ wá síwájú òkúta náà, kí a ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí i létí, kí ó rí ibi tí ẹjọ́ rẹ̀ wà, kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú òfin náà dára gan-an. Adájọ́ tí ó bá yí ìdájọ́ tí ó ti fi èdìdì dì padà yóò san ìlọ́po méjìlá, a ó sì lé e kúrò lórí ìjókòó ìdájọ́ títí láé. Bí ìjì tàbí ọ̀dá bá ba oko ajigbèsè jẹ́, kò ní san ọkà fún olówó rẹ̀ ní ọdún náà, kò sì ní san èlé. Ẹni tí a bá fi ṣe ìwọ̀fà nítorí gbèsè, ọdún mẹ́ta ni yóò sìn, ní ọdún kẹrin a ó dá a sílẹ̀. Mo sọ èyí kí a má baà gbéraga, nítorí ọdún mẹ́fà ni òfin Mósè ní kí ẹrú tí í ṣe Hébérù sìn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ojú tí a fọ́. Bí ọlọ́lá bá fọ́ ojú ọlọ́lá, a ó fọ́ tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti mẹ̀kúnnù ni ó fọ́, yóò san mina fàdákà kan. Bí ó bá jẹ́ ti ẹrú ẹlòmíràn, ìdajì owó ẹrú náà ni yóò san, olówó ẹrú ni yóò sì gbà á. Nínú Ẹ́kísódù, ẹni tí ó bá fọ́ ojú ẹrú ara rẹ̀ yóò jẹ́ kí ó lọ lómìnira. Bí ilé bá wó pa ọmọ onílé, ní Bábílónì ọmọ ẹni tí ó kọ́ ilé náà ni a ó pa. Diutarónómì kọ̀ pé a kò gbọdọ̀ pa ọmọ nítorí baba. Ẹni tí ó bá fi ẹrú tí ó sá pamọ́ sínú ilé rẹ̀, ikú ni ẹ̀san rẹ̀ lọ́dọ̀ Hammurabi. Diutarónómì ní kí a má ṣe dá irú ẹrú bẹ́ẹ̀ padà fún olówó rẹ̀.

Nípa ti màlúù, bí a bá ti kìlọ̀ fún olówó rẹ̀ tí kò sì so ó mọ́lẹ̀, tí ó wá kan ọlọ́lá pa, ìdajì mina fàdákà ni Bábílónì ń gbà, ọ̀ràn parí. Ní Ísírẹ́lì a ó sọ màlúù náà ní òkúta pa, ikú sì tọ́ sí olówó rẹ̀ àfi bí a bá gba owó ìràpadà. Pẹ̀lúpẹ̀lù, bí a bá pa ènìyàn tí a kò sì mọ ẹni tí ó pa á, Hammurabi ní kí ìlú náà àti baálẹ̀ rẹ̀ san mina kan fún àwọn ìbátan òkú. Mósè ní kí àwọn àgbà ìlú tí ó súnmọ́ ibẹ̀ jùlọ ṣẹ́ ọrùn ẹgbọrọ màlúù, kí wọ́n wẹ ọwọ́ wọn, kí wọ́n sì bẹ Ọlọ́run kí ó dárí ẹ̀jẹ̀ náà jì. Mo rò pé opó òkú náà ìbá fẹ́ mina kan. Ṣùgbọ́n nínú èyí ni mo rí ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì.

Shamash fi àṣẹ fún Hammurabi, ṣùgbọ́n Hammurabi ni ó ṣe òfin. Nítorí náà, bí ọkọ bá dá ẹ̀mí aya rẹ̀ tí ó ṣe panṣágà sí, ọba náà lè dá ẹ̀mí ọkùnrin kejì sí: ẹni tí a ṣẹ̀ ni ó ń dárí jì. Ní Ísírẹ́lì, Ọlọ́run ni ó ni òfin. Ọba pàápàá ni a pàṣẹ fún kí ó da á kọ kí ó sì máa kà á. Bí a bá pa ènìyàn, Ọlọ́run ni a ṣẹ̀, nítorí náà ni ìwé Númérì fi kọ̀ kí a gba owó ìràpadà lọ́wọ́ apànìyàn.

Ǹjẹ́ Mósè wo ìwé Hammurabi kọ bí? Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ kan náà ni ó kún fún irú òfin wọ̀nyí. Ní Úrì, ìlú tí Ábúráhámù ti wá, òfin Ur-Nammu ti wà ní bí ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ọdún ṣáájú ti Hammurabi, ó sì ní kí ẹni tí ó bá fọ́ ojú ènìyàn san ìdajì mina. Owó ni a kọ́kọ́ ń gbà. Ojú ni a wá ń gbà lẹ́yìn. Èyí yà mí lẹ́nu, nítorí mo ti máa ń rò pé bí ayé ti ń dàgbà ni ìyà ń fúyẹ́.

Nínú ìwé amọ̀ púpọ̀ tí a ti wú jáde nípa ẹjọ́ ìgbà náà, ó ṣọ̀wọ́n kí adájọ́ kan tọ́ka sí òkúta náà. Nítorí náà àwọn ọ̀mọ̀wé kan rò pé ẹ̀rí ìdájọ́ òdodo ọba ni, kì í ṣe ìwé tí adájọ́ ń ṣí.

Àìsàn mú Hammurabi, Samsu-iluna ọmọ rẹ̀ sì gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀ ní bí ọdún 1750. Ó ti fi ègún líle dè ẹnikẹ́ni tí ó bá pa ọ̀rọ̀ òkúta rẹ̀ rẹ́. Ní bí ẹgbẹ̀ta ọdún lẹ́yìn náà, ọba Élámù kan kó òkúta náà ní ìkógun lọ sí Ṣúṣánì, ìlú tí Ẹ́sítérì di ayaba nígbà tí ó yá, ó sì ha apá kan nínú ìwé náà dànù. Àwọn ará Faransé wú u jáde níbẹ̀ ní ìparí ọdún 1901 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1902, ó ti fọ́ sí mẹ́ta; ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre ní Párísì. Ibi tí a ha náà ṣófo, nítorí ọba Élámù kò kọ ohunkóhun síbẹ̀. A ti rí díẹ̀ nínú àwọn òfin tí ó sọnù náà lára ìwé amọ̀ tí àwọn akọ̀wé àti àwọn ọmọ ilé-ìwé wọn fi ń kọ́ ìwé kíkọ, tí wọ́n ń dà á kọ fún ohun tí ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ.