Lewis Fry Richardson: Ọkùnrin tó ṣírò ojú ọjọ́ lójú ogun, àmọ́ tí nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ já a kulẹ̀

Bí òjò bá ṣú ní Darkuman, nílùú Accra, ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ gba Kaneshie kọjá máa ń kọ́kọ́ yẹ fóònù wọn wò, bóyá òjò náà máa pọ̀.

Iṣẹ́ Lewis Fry Richardson wà nídìí àsọtẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń wò yẹn.

Ọjọ́ 11, oṣù Kẹwàá, ọdún 1881 ni wọ́n bí i sí Newcastle, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ méje. Ẹlẹ́sìn Quaker, tí kì í jagun, ni ìdílé rẹ̀, nítorí náà kò gbé ìbọn nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ọkọ̀ tó ń kó àwọn tó fara gbọgbẹ́ ló ń wà nílẹ̀ Faransé láti ọdún 1916.

Ibẹ̀ náà ló ti ń ṣe ìṣirò rẹ̀, òkìtì koríko gbígbẹ ló fi ṣe tábìlì.

Afẹ́fẹ́ náà máa ń ṣàn bí omi. Richardson gbà pé tí èèyàn bá mọ bó ṣe wà láàárọ̀, ìṣirò lè sọ bó ṣe máa wà lọ́sàn-án. Ó mú aago méje àárọ̀ ọjọ́ 20, oṣù Karùn-ún, ọdún 1910, ó kó àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ Yúróòpù ti àárọ̀ yẹn jọ, ó sì ṣírò wákàtí mẹ́fà síwájú.

Èsì rẹ̀ ní bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ ilẹ̀ máa fi millibar 145 lé sí i. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, díẹ̀ báyìí ló yí padà.

Ìwé náà tiẹ̀ sọnù lójú ogun lọ́dún 1917. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni wọ́n rí i lábẹ́ òkìtì èédú ní Belgium. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1922, kò fi àṣìṣe náà pa mọ́. Ẹlòmíì ì bá yọ ojú ewé yẹn kúrò.

Ọgbọ́n ìṣirò rẹ̀ kọ́ ló kù díẹ̀ káàtó. Nọ́ńbà atẹ́gùn àti ti ìtẹ̀lẹ̀ afẹ́fẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ ni kò bára wọn mu, bíi garawa omi tó ti ń mì kí ẹni tó rù ú tó gbéra. Lọ́pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, Peter Lynch, onímọ̀ ará Ireland, tún àwọn nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ náà ṣe, ó sì ṣe ìṣirò kan náà. Ìyípadà tó rí kò tó millibar kan.

Ohun kan náà ló ń kojú ẹni tó bá fẹ́ ṣírò bí omi ṣe máa ṣàn nínú odò Odaw ní Accra, níbi tí àkúnya omi àti ìbúgbàù iléepo ti pa èèyàn tó lé ní 150 ní oṣù Kẹfà, ọdún 2015. Kí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ tó bọ́, ṣé ilẹ̀ ti mumi yó? Ṣé ìdọ̀tí ti dí gọ́tà?

Richardson kúrò níléeṣẹ́ ojú ọjọ́ lọ́dún 1920, nígbà tí wọ́n fi í sábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọkọ̀ òfuurufú ogun. Ó wá gbájú mọ́ ìwádìí ohun tó ń fa ogun.

Lọ́dún 1950, kọ̀ǹpútà ENIAC ní Amẹ́ríkà ṣírò ojú ọjọ́ wákàtí 24, wọ́n sì fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ó kí wọn kú oríire. Ó kú ní Scotland lọ́jọ́ 30, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1953, lẹ́ni ọdún 71.