EDWIN ARMSTRONG: ỌMỌ ORÍ ÀJÀ TÍ Ó GBA RÉDÍÒ LỌ́WỌ́ ARIWO

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ìtàn àwọn ọba, àwọn jagunjagun àti àwọn olóṣèlú ni a sábà máa ń kà nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ bí irú èyí. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fẹ́ kí a yẹ ìgbésí ayé ọkùnrin kan wò tí kò jọba, tí kò sì du ipò òṣèlú, ṣùgbọ́n tí kò sí ọjọ́ kan tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kì í wọ etí wa.

Ẹni tí ó bá ń gbé ní Aduwawa, lójú ọ̀nà tí ó ti Benin lọ sí Auchi, mọ EBS, ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ìpínlẹ̀ Ẹdó, nítorí pé àdúgbò náà gan-an ni ó wà. Ó sì mọ ìsọ̀ àwọn tí ń tún rédíò ṣe, níbi tí a ti tú ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì nídìí sórí tábìlì, tí èéfín lẹ́ẹ̀dì ń rú, tí ọmọ iṣẹ́ sì ń fi mítà wá ibi tí iná ti já. Nínú rédíò tí a tú sílẹ̀ yẹn ni iṣẹ́ ọpọlọ Edwin Howard Armstrong wà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ohun tí ó mú kí orúkọ náà pamọ́ wà nínú ìtàn yìí.

Ìbí àti Ìgbà Èwe Rẹ̀

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 1890 ni a bí Armstrong ní ìlú New York ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Olùkọ́ ni ìyá rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ Oxford University Press tí ó wà ní ilẹ̀ náà. Nígbà tí ọmọ náà wà ní kékeré, àìsàn kan kọlù ú tí ó mú kí ojú àti èjìká rẹ̀ máa ṣàdédé gbọ̀n. Àìsàn yìí dá a dúró sílé fún ọdún 2 láìlọ sí ilé ìwé, gbígbọ̀n náà kò sì kúrò lára rẹ̀ pátápátá títí ó fi dàgbà. Ọmọ tí ara rẹ̀ kò jẹ́ kí ó máa bá ẹgbẹ́ ṣeré bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ rẹ̀ bá nǹkan ṣeré.

Àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Yonkers, ní etí odò Hudson. Níbẹ̀ ni ó ti ka ìwé nípa àwọn tí ń dá nǹkan sílẹ̀, pàápàá nípa Marconi, ẹni tí ó gba àmì rédíò kọjá òkun Àtìláńtíìkì ní ọdún 1901. Láti ìgbà náà ni ó ti pinnu ohun tí yóò fi ayé rẹ̀ ṣe. Yàrá orí àjà ilé wọn ni ó sọ di ibi iṣẹ́, wáyà níhìn-ín, kọ́ìlì àti bátìrì lọ́hùn-ún. Nígbà tí àmì tí ó ń gbà kò dún tó, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé òpó kan nàró sí àgbàlá tí gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 125. Òpó náà ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń gun un bí ohun kan bá bàjẹ́ lókè.

Ohun tí Ó Rí Nínú Fáàfù

Ó wọ Yunifásítì Columbia láti kọ́ nípa ẹ̀rọ iná, láti ilé ni ó sì ti ń gun alùpùpù lọ sí kíláàsì. Kì í gba ọ̀rọ̀ gbọ́ kìkì nítorí pé ọ̀jọ̀gbọ́n ni ó sọ ọ́. Yóò kọ́kọ́ dán an wò.

Ní ọdún 1906, ọkùnrin kan tí à ń pè ní Lee de Forest ṣe fáàfù onígíláàsì kan tí ó lè gba àmì rédíò. Fáàfù náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣe é pàápàá kò lè ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Armstrong kò fi ìyẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń wọn iná tí ń wọlé, ó ń wọn èyí tí ń jáde. Ní ọdún 1912, nígbà tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa, ó mú díẹ̀ nínú agbára tí ń jáde láti inú fáàfù náà, ó dá a padà sí ẹnu ọ̀nà tí àmì ń gbà wọlé. Ohun tí ó fẹ́ẹ̀rẹ́ di èyí tí ó ń pariwo. Àmì tí a ti ń fi etí wá tẹ́lẹ̀ wá ń dún tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi nílò kí ó fi nǹkan gbọ́rọ̀ sétí mọ́. Ní òru ọjọ́ náà, ó sáré wọ yàrá àbúrò rẹ̀ obìnrin, ó sì jí i pẹ̀lú ayọ̀.

Ẹni tí ó bá ti lọ sí òde àríyá mọ ohun tí à ń wí. Bí olórin bá gbé máíkì súnmọ́ sípíkà jù, ohùn sípíkà yóò padà wọ inú máíkì, yóò tún jáde, yóò tún padà, títí tí ẹ̀rọ yóò fi hu. Armstrong rí i pé bí a bá ṣọ́ dídápadà yìí kí ó má pọ̀ jù, fáàfù yóò sọ àmì di ńlá. Bí a bá sì jẹ́ kí ó pọ̀ kọjá ààlà, fáàfù náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí hu fúnra rẹ̀, yóò sì di ẹ̀rọ tí ń dá ìgbì rédíò sílẹ̀. Ohun kan náà tí ń gba ohùn ni ó tún ń rán ohùn.

Ó fẹ́ gba pátẹ́ǹtì, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń fún ẹni tí ó dá nǹkan sílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò fi owó sílẹ̀. Ó ní kí ó kọ́kọ́ jáde ní yunifásítì. Nípa ìmọ̀ràn ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá rẹ̀ kan, ó ya àwòrán iṣẹ́ náà, ó sì mú un lọ síwájú aṣojú òfin kí ó fi òǹtẹ̀ lù ú ní ọjọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1913. Ẹ fi ọjọ́ yìí sọ́kàn. Ọdún 1914 ni pátẹ́ǹtì náà tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Iṣẹ́ Kejì: Pàṣípààrọ̀ Ìgbì

Nígbà ogun àgbáyé kìn-ín-ní, ó wọ iṣẹ́ ológun, wọ́n sì rán an lọ sí ìlú Paris. Ibẹ̀ ni ó ti ṣe ẹ̀rọ tí à ń pè ní superheterodyne ní ọdún 1918. Ẹ wo oníṣòwò tí ó ní dọ́là, pọ́n-ùn àti sẹ́fà lápò. Kò ní ṣe ìwé ìṣírò mẹ́ta. Yóò pa gbogbo rẹ̀ dà sí náírà, yóò wá kà á lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni rédíò yìí ṣe ń ṣe. Ilé-iṣẹ́ yòówù tí a bá yí i sí, ó ń dá ìgbì tirẹ̀ sílẹ̀ nínú, ó ń pò ó mọ́ èyí tí ó wọlé, gbogbo rẹ̀ sì ń di ìwọ̀n kan ṣoṣo tí ó rọrùn láti sọ di ńlá. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ rédíò AM, ìwọ̀n náà jẹ́ 455 kHz. Nínú ti FM, 10.7 MHz ni.

Èyí wúlò fún ẹni tí ń tún rédíò ṣe nínú ilé. Bí rédíò AM kan bá dákẹ́, kọ́kọ́ fi mítà wo bátìrì àti ibi tí iná ń gbà. Lẹ́yìn náà, fi ọwọ́ kan àárín ibi tí a ti ń yí ohùn sókè. Ìwọ yóò gbọ́ ìkùn bí ẹ̀yìn rédíò náà bá ń ṣiṣẹ́. Bí o bá gbọ́ ọ, iwájú ni àrùn wà. Yí i sí 600, kí o gbé rédíò mìíràn tí ó pé súnmọ́ ọn, kí o sì rọra yí ìyẹn yí ká 1055. Bí èyí tí ó pé bá súfèé tàbí tí ariwo rẹ̀ ṣàdédé rọlẹ̀, ìgbì inú èkejì ṣì wà láàyè, nítorí pé 600 pẹ̀lú 455 ni 1055. Bí kò bá sí nǹkan kan, o ti rí ibi tí o máa wò. Bátìrì ni kí ó wà nídìí rédíò tí a bá ń fi ọwọ́ kàn bẹ́ẹ̀, kì í ṣe iná ilé, nítorí pé iná ilé a máa pani.

Armstrong ta ẹ̀tọ́ àwọn iṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, ó sì di olówó. Ní ọdún 1923, ó fẹ́ Marion MacInnis, akọ̀wé David Sarnoff tí ó jẹ́ ọ̀gá ní ilé-iṣẹ́ RCA. Rédíò tí ó ṣe é gbé káàkiri ni ó fi ta ìyàwó rẹ̀ lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n de Forest ń bá a ṣẹjọ́ pé òun ni ó kọ́kọ́ rí ọgbọ́n dídápadà náà. Ẹjọ́ yìí gbé e lọ gbé e bọ̀ fún nǹkan bí ogún ọdún. Ní ọdún 1934, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá de Forest láre. Armstrong mú àmì ẹ̀yẹ tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ rédíò fún un lórí iṣẹ́ náà, ó fẹ́ dá a padà fún wọn. Wọ́n kọ̀, wọn kò gbà á. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ mọ ẹni tí ó ni ín.

Rédíò tí Ń Sọ̀rọ̀ Bíi Gángan

Ohun tí ó ń ba gbogbo rédíò jẹ́ nígbà náà ni ariwo mànàmáná. AM ń fi gíga agbára ìgbì gbé ohùn, mànàmáná náà sì ń fi kún agbára ìgbì. Rédíò kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú ìlù ṣe àpẹẹrẹ. Bí onílù bá fẹ́ fi líle àti rírọ̀ ìlù nìkan sọ̀rọ̀, òjò tí ń lu páànù yóò da ọ̀rọ̀ rẹ̀ rú. Ṣùgbọ́n onígángan kì í gbára lé líle. Ó ń fún ọṣán, ohùn ń lọ sókè, ó ń dẹ̀ ẹ́, ohùn ń wálẹ̀. Òjò lè pariwo, kò lè sọ ohùn òkè di ohùn ìsàlẹ̀. Ohun tí FM ń ṣe nìyẹn.

Ní ọdún 1922, John Carson, onímọ̀ ìṣirò pàtàkì kan, ti kọ̀wé pé irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kò ní èrè. Armstrong wò ó pé àyè tóóró ni ìṣirò náà wò. Ó fún ohùn ní àyè gbalasa láti rìn, ó sì fi apá kan sínú rédíò tí ń gé gbogbo ìyàtọ̀ agbára dànù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1933 ni ó gba pátẹ́ǹtì rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1935, ó fi hàn ní gbangba. Láti ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ Carman Runyon ní Yonkers, tí òun náà fi rédíò ṣe eré ọwọ́, ni wọ́n ti rán ohùn wá. Àwọn tí ó pé jọ ní New York gbọ́ omi tí a ń dà sínú ife àti ìwé tí a ń ya, kedere bí ẹni pé inú yàrá ni.

Ọ̀rẹ́ Di Ọ̀tá

RCA ti fi AM ṣòwò, tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n sì ń lé. Ní ọdún 1935, wọ́n ní kí ó kó àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ kúrò ní orí ilé gíga Empire State. Ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ ilé-iṣẹ́ FM kan sí Alpine ní ìpínlẹ̀ New Jersey. RCA fi mílíọ̀nù 1 dọ́là lọ̀ ọ́ ní ọdún 1940, ó kọ̀, nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ń san ìdá kan nínú ohun tí wọ́n bá tà fún un. Kò rí i pé ó yẹ kí ẹni ńlá san kéré sí ẹni kékeré. Ní ọdún 1945, àjọ ìjọba tí ń ṣàkóso ìgbì gbé FM kúrò láti 42 sí 50 MHz lọ sí òkè, ní àgbègbè 88 sí 108 tí a mọ̀ lónìí. Gbogbo rédíò FM tí àwọn ènìyàn ti rà di òkú igi. Tẹlifíṣọ̀n náà sì wá ń fi FM gbé ohùn rẹ̀, RCA kò sì san kọ́bọ̀ fún un. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni ohùn WNTV gbà nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1959.

Ní ọdún 1948, ó pè wọ́n lẹ́jọ́. Yorùbá ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Àwọn agbẹjọ́rò ń fa ọ̀rọ̀ gùn, ọjọ́ ń gorí ọjọ́, owó rẹ̀ ń tán. Nígbà tí ó di ọdún 1953, ó ní kí ìyàwó rẹ̀ mú owó tí wọ́n fi pamọ́ de ọjọ́ ogbó wá. Ìjà dé, ó na ọwọ́ sí i, Marion sì kó lọ sọ́dọ̀ arábìnrin rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1954, Armstrong gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ẹni ọdún 63 ni. Ọdún 41 gééré ni ó pé tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí àwòrán àkọ́kọ́ rẹ̀.

Ìdáláre

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Marion kò jẹ́ kí ẹjọ́ náà kú. Kí ọdún 1954 tó parí, RCA san ohun tí ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 1 dọ́là. Ó lé àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi borí Motorola tí ó kẹ́yìn ní ọdún 1967.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀kọ́ wo ni a rí kọ́? Èkíní, iṣẹ́ ọpọlọ kò dúró de ilé ńlá. Yàrá orí àjà tó. Tábìlì kékeré ní Aduwawa náà tó. Èkejì, kí a máa wọn nǹkan kí a tó gba ọ̀rọ̀ gbọ́, kí a sì máa kọ ọjọ́ sí iṣẹ́ wa. Ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù. Ẹ̀tọ́ Armstrong ni ó ń jà fún, kò sì purọ́. Ṣùgbọ́n ó fi ìjà náà ṣe oúnjẹ jẹ, ó fi ṣe aṣọ wọ̀, títí kò fi sí ẹni tí ó kù lọ́dọ̀ rẹ̀ tí ó lè sọ fún un pé ó tó. Ẹni tí ó wà láàyè lẹ́yìn rẹ̀ ni ó gba ẹ̀tọ́ náà. Bí ọ̀rọ̀ bá wọ̀ wá lọ́rùn, ẹ jẹ́ kí a fi tó ẹlòmíràn létí kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ lálẹ́ yìí, tí mànàmáná ń kọ, tí rédíò sì ń sọ̀rọ̀ kedere, ẹ rántí rẹ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ tiwa náà máa fọhùn rere lẹ́yìn wa.