Karen Carpenter: Onílù Tí Wọ́n Fà Kúrò Nídìí Ìlù

Ẹ̀yin òbí wa tẹ́ ẹ gbọ́ orin Carpenters lórí rédíò láyé ọjọ́sí, ohùn obìnrin tó ń kọ ọ́ lẹ máa rántí. Àmọ́ Karen fúnra rẹ̀, onílù tó ń kọrin ló máa ń pe ara rẹ̀.

Ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 1950 ni wọ́n bí i ní New Haven, ní Amẹ́ríkà. Ní 1963, ìdílé wọn kó lọ sí Downey ní California. Richard ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń tẹ dùùrù, ni gbogbo ilé gbà pé ó máa di olórin. Nígbà tí Karen wọ ẹgbẹ́ olórin iléèwé, kó lè bọ́ lọ́wọ́ kíláàsì eré ìdárayá ni. Glockenspiel ni wọ́n gbé fún un, àwọn irin pẹlẹbẹ tó ń dún bí agogo kékeré. Kò wù ú rárá. Dírọ́ọ̀mù lojú ẹ̀ wà. Iṣẹ́ ọkùnrin ni wọ́n ka dírọ́ọ̀mù sí nígbà náà, ṣùgbọ́n ọmọ yìí ò gbà. Ó kọ́ ọ, àwọn òbí rẹ̀ sì ra tiẹ̀ fún un.

Ní 1966, ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí òun, Richard àti ọ̀rẹ́ wọn kan gba ipò kìíní nínú ìdíje àwọn ẹgbẹ́ olórin ní Hollywood Bowl. Ní 1969, iléeṣẹ́ A&M gbà wọ́n wọlé. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Close to You gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà.

Ibi tí òkìkí ti dé lọ̀rọ̀ ti yí padà. Wọ́n ní àwọn èrò ìwòran ò rí i dáadáa lẹ́yìn ìlù, kó bọ́ síwájú. Kò wù ú, àmọ́ ó gbà. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹlòmíì ń lu ìlù fún wọn. Síbẹ̀, ní 1975, àwọn òǹkàwé ìwé ìròyìn Playboy dìbò yàn án ní onílù rọ́ọ̀kù tó dára jù, ó sì ṣáájú John Bonham ti Led Zeppelin!

Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fagi lé ìrìn àjò orin wọn sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, torí Karen ti rù kọjá ààlà. Anorexia nervosa ló ń bá a jà, àìsàn tó ń mú kí èèyàn máa febi pa ara rẹ̀ torí ẹ̀rù àtisanra. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò tíì mọ̀ ọ́n nígbà náà. Ó wá ìtọ́jú lọ sí New York ní 1982, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti bàjẹ́. Ó kú ní Downey ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì 1983, lọ́mọ ọdún 32. Ikú rẹ̀ ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ìdílé mọ̀ pé àìsàn yìí ń pààyàn.

Mi ò sọ pé ìlù tí wọ́n fà á kúrò nídìí ẹ̀ ló fa àìsàn o. Ohun tí mo rí ni pé ojú gbogbo ayé wà lára ọmọ yìí, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀bùn rẹ̀ wà.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ọmọbìnrin tó bá fẹ́ lulù nílùú wa, ẹ jẹ́ kó lù ú. Èyí tó bá sì ń sá fóúnjẹ, tó ń rù, ẹ má fi ṣẹ̀fẹ̀, ẹ má sì yìn ín. Ẹ tètè gbé e lọ sọ́sibítù. Ìlera loògùn ọrọ̀.