Henry Carr: Ọmọ Èkó tí Ó Yan Iṣẹ́ Ilé-Ìwé

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ méjì kò lè rin ọ̀nà mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tí ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ kì í fi í balẹ̀ nígbà tí ìdánwò àṣekágbá bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Òbí ń wí tiwọn, ọ̀rẹ́ ń wí tiwọn, àpò tí ó gbẹ náà ń wí tirẹ̀. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a wo ọkùnrin kan tí ó ti dé oríta yìí ṣáájú wa, kí a mọ ohun tí ó yàn, àti ohun tí ó fi san án.

Ní 1863, ọdún méjì lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó, ni a bí Henry Rawlinson Carr ní ìlú náà. Ọmọ àwọn Sàró tí wọ́n padà wá sílé ni. Nígbà tí ó kàwé díẹ̀ ní Èkó, wọ́n rán an lọ sí Freetown, níbi tí ó ti wọ Fourah Bay College. Àwọn C.M.S. ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ ní 1827, láti 1876 ni ó sì ti wà lábẹ́ Yunifásítì Durham. Ní 1882, kí Carr tó pé ọmọ ogún ọdún, ó gba oyè B.A. nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Òun ni akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ nílé-ẹ̀kọ́ náà tí ó gba oyè onípò ọlá.

Kí ni ọ̀dọ́mọkùnrin bẹ́ẹ̀ yóò wá ṣe? Nígbà náà, ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀ fún ọ̀mọ̀wé Èkó kò pọ̀: iṣẹ́ àlùfáà, òwò ṣíṣe, iṣẹ́ dókítà, àti iṣẹ́ lọ́yà. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí Christopher Sapara Williams ti di lọ́yà ní Lọ́ńdọ̀nù, ojú àwọn ọ̀dọ́ sì wà lára iṣẹ́ náà. Carr pẹ̀lú kọjá sí Ìlú Ọba, ó forúkọ sílẹ̀ ní Lincoln's Inn. Ṣùgbọ́n kò fi mọ síbẹ̀. Ó tún lọ sí St Mark's College ní Chelsea, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ níṣẹ́, ó sì kọ́ sáyẹ́ǹsì sí i ní South Kensington. Nígbà tí ó padà dé Èkó ní 1885, iṣẹ́ olùkọ́ ni ó gbà ní C.M.S. Grammar School.

Ní 1889 ìjọba pè é síṣẹ́ akọ̀wé àti igbákejì alábẹ̀wò ilé-ìwé. Kí ẹnikẹ́ni má fojú kékeré wo iṣẹ́ alábẹ̀wò. Láti ìgbà òfin ẹ̀kọ́ 1887, àbẹ̀wò ni ìjọba fi ń mọ ilé-ìwé tí owó ìrànwọ́ tọ́ sí. Bí alábẹ̀wò bá ròyìn ibi nípa ilé-ìwé kan, owó lè dín, olùkọ́ a sì mọ̀ ọ́n lára. Carr di alábẹ̀wò àgbà bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ó wà lára àwọn tí wọ́n gba ìjọba nímọ̀ràn lórí ilé-ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1909, èyí tí a mọ̀ sí King's College. Ní 1918 ó di Résídẹ́ǹtì fún Èkó, ipò tí ó ṣọ̀wọ́n gidigidi fún aláwọ̀ dúdú nígbà náà.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti gbẹ̀kan. Herbert Macaulay, tí Carr fi ọdún kan jù lọ, ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí. Sọ̀fíọ̀ ni, ṣùgbọ́n ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní 1898, ó sì di agbẹnusọ fún àwọn ará ìlú. Nígbà tí ìjà dé láàárín ìjọba àti Ọba Èṣùgbàyí ti Èkó, ẹ̀yìn ọba ni Macaulay wà. Carr kò lè wà níbẹ̀, nítorí òun gan-an ni ojú ìjọba nílùú. Ọmọ ìlú kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n di ọ̀tá ara wọn. Ní 1924 Macaulay tẹ ìwé kan jáde pé kí Carr kúrò lórí àga. Ọdún yẹn náà ni Carr fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mọ̀ ọ́n sí ìránṣẹ́ òyìnbó.

Ṣé ó ṣi ọ̀nà yàn? Lójú tèmi, rárá. Kì í ṣe pé gbogbo ohun tí ó fara mọ́ ni ó tọ́. Ọ̀rọ̀ ọba Èkó jẹ́ ibi tí ìlú ti retí ọmọ rẹ̀ tí kò sì rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá yan iṣẹ́ ti yan ọ̀gá tí yóò máa sìn, àti ọ̀tá tí yóò ní. Macaulay náà san tirẹ̀: ó ṣẹ̀wọ̀n. Èwo nínú àwọn méjèèjì ni Èkó ìbá lè ṣe aláìní? Ẹni tí ń bá ìjọba jà wúlò, ẹni tí ń rí i pé ọmọ aláìní rí olùkọ́ tó mọṣẹ́ náà sì wúlò.

Carr kú ní 1945. Nínú ilé rẹ̀ ni wọ́n ti rí ìwé tí ó tó 18,000. Ìjọba ra àwọn ìwé náà, wọ́n sì di ara ìpìlẹ̀ ilé ìkàwé University College tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ka ìwé rẹ̀ láìmọ orúkọ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtijáde, ẹ má ṣe béèrè iye owó oṣù nìkan. Ẹ béèrè pẹ̀lú pé: ta ni n óò máa ṣiṣẹ́ fún, ọjọ́ wo ni iṣẹ́ yìí yóò dá mi lẹ́kun láti wà lẹ́yìn àwọn ènìyàn mi, kí ni yóò sì kù sílẹ̀ lẹ́yìn mi? Ẹni tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí, kí ó mú ọ̀nà rẹ̀ pọ̀n. Àṣegbé kò ní jẹ́ tiwa o.