Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson: Ọmọ Àjò Tí Kò Gbàgbé Ilé

Ìtàn tí a mú wá lọ́dún yìí jẹ́ ti òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan tó tún bá wọn ṣe ìjọba ìlú, tí a sì bí sí àjò bí ọ̀pọ̀ nínú wa.

Sàró ni wọ́n ti bí James Johnson ní nǹkan bí ọdún 1836. Ìjẹ̀ṣà ni bàbá rẹ̀, Ìjẹ̀bú ni ìyá rẹ̀. Òwò ẹrú ló gbé wọn kúrò nílé. Ó kàwé ní Fourah Bay, ó di àlùfáà ìjọ Áńgílíkà, ó sì dé Èkó ní 1874 sí ìjọ St. Paul's, Breadfruit. Ní 1877, wọ́n rán an lọ sí Abẹ́òkúta. Níbẹ̀ ló ti ní kí àwọn onígbàgbọ́ dá ẹrú wọn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò dùn mọ́ àwọn olówó nínú. Nígbà tó di 1880, wọ́n mú un padà sí Èkó.

Ní 1886, ó wọ Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó. Kò sí ìbò nígbà náà. Gómìnà ló ń yan ènìyàn síbẹ̀. Síbẹ̀, kò torí oyè pa òtítọ́ mọ́. Ó bá àwọn tó ń kó ọtí òyìnbó wọ̀lú jà. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbógun ti Ìjẹ̀bú ní 1892, ó lòdì sí i. Ní 1894, ó kúrò nínú ìgbìmọ̀ náà; wọn kò tún yàn án mọ́.

Tí wọ́n bá gbé ọmọ wá fún ìrìbọmi, orúkọ Yorùbá ló ń fẹ́ kí òbí sọ ọmọ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ òyìnbó ni òun ń jẹ́ títí ó fi kú.

Ó di igbákejì bíṣọ́ọ̀bù ní 1900. Ní 1901, ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ Breadfruit bínú jáde nítorí ìwà tí wọ́n hù sí i, wọ́n sì dá Ìjọ African Church sílẹ̀. Òun kò bá wọn lọ. Ó kú ní 1917.

Ẹ̀yin ará Lagos Town, òfin ọdún 1969 lé ọ̀pọ̀ ènìyàn wa kúrò ní Gánà, kò sì yọ àwọn tí a bí síbí sílẹ̀. Kí àwọn ọmọ wa gbọ́ Gáà àti Twi, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ wọ́n lórúkọ ilé, kí a sì máa fi Yorùbá pè wọ́n jẹun. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.