Ìtàn Ìgbésí Ayé Dókítà Charles Dotter

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi láti ilẹ̀ gbogbo, a ti ka ìtàn púpọ̀ nípa àwọn tí ó fi idà gba ìlú. Ìtàn ọkùnrin tí ó fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ẹ̀mí là ni èmi fẹ́ sọ.

Ní ọdún 1920 ni a bí Charles Dotter ní ìlú Boston, ní Amẹ́ríkà. Ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, ó sì yàn láti máa fi X-ray wo inú ara ènìyàn. Ní ọdún 1952, ó di olórí ẹ̀ka iṣẹ́ náà ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Oregon, ní ìlú Portland.

Ní ìgbà náà, bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ bá dí, abẹ ni a fi ń là á; bí abẹ kò bá ṣeé ṣe, a ó gé ẹsẹ̀ náà. Ní oṣù kìíní ọdún 1964, a gbé ìyá arúgbó ẹni ọdún 82 kan tọ Dotter wá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kú lọ. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ní kí a gé e, ṣùgbọ́n ìyá kọ̀ jálẹ̀. Dotter lu ihò kékeré, ó ti wáyà gba inú iṣan náà kọjá ibi tí ó dí, ó sì ti rọ́bà oníhò tẹ̀lé e títí ọ̀nà fi là. Ẹsẹ̀ tí ó ti tutù tún móoru. Ìyá náà sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ oníṣègùn ilẹ̀ rẹ̀ kà á sí wèrè. Kò bìkítà. Okùn gìtá àti wáyà ọkọ̀ pàápàá ni ó fi ń dán ọgbọ́n rẹ̀ wò. Ní ọdún 1969, ó sọ nípa wáyà tí ó ká bí ọ̀pá oníhò, tí ó fi sínú iṣan ajá kí ọ̀nà má baà tún dí. Òun fúnra rẹ̀ ní àrùn jẹjẹrẹ tí a ń pè ní Hodgkin, síbẹ̀ kò yé gun òkè gíga. Ó kú ní ọdún 1985.

Iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ ni Dotter là. Àwọn tí ó tẹ̀lé e mú ọgbọ́n náà dé inú iṣan ńlá tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà láti orí àti apá sí ọkàn. Jẹjẹrẹ inú àyà a máa fún iṣan yìí pa. Ojú àti ọrùn aláìsàn a wú, èémí a sì há bí ó bá dùbúlẹ̀. Oníṣègùn a gba ihò kékeré ní itan tàbí ní ọrùn, a sì fi ọ̀pá oníhò tí a fi wáyà hun gbé iṣan náà ró. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wíwú náà a máa walẹ̀. Èyí kò wo jẹjẹrẹ sàn, ṣùgbọ́n ó ń fún aláìsàn ní àyè láti gba ìtọ́jú mìíràn.

Ní Àbídíjan tí mo ti ń kọ̀wé yìí, ilé ìwòsàn àrùn ọkàn wà ní Treichville, níbi tí àwọn oníṣègùn ti ń gba inú iṣan tọ́jú ọkàn. Nítorí náà, bí ojú ènìyàn wa kan bá ń wú tí èémí rẹ̀ sì ń há, kí a má jókòó sílé máa sọ pé ayé ni ó ń ṣe é. Kí a tètè gbé e tọ oníṣègùn lọ.

Àwa tí a ó di olùkọ́, bí a bá rí ọmọ tí ń ṣa wáyà jọ tí ó sì ń bi wá ní ìbéèrè tí kò lópin, ẹ má jẹ́ kí a fi í ṣẹ̀sín. A kò mọ ẹni tí yóò ti ọwọ́ rẹ̀ rí ìyè.