Jones: Aláwọ̀ dúdú tó gbé fíríìjì wọ inú ọkọ̀ akẹ́rù

Bí wọ́n bá ń ka àwọn aláwọ̀ dúdú tó ṣe ohun mánigbàgbé, ó yẹ kí orúkọ Frederick McKinley Jones wà níbẹ̀. Òun ló ṣe ẹ̀rọ tó jẹ́ kí ẹran, ẹja àti èso máa rin ìrìn-àjò jíjìn nínú ọkọ̀ láìbàjẹ́.

Ọdún 1893 ni wọ́n bí Jones sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Kò rí ìtọ́jú ìyá. Bàbá rẹ̀ sì fà á lé àlùfáà ìjọ Kátólíìkì kan lọ́wọ́ láti tọ́ ọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ló wà tó kúrò lọ́dọ̀ àlùfáà náà, tó lọ ń gbálẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́káníìkì. Ibẹ̀ ló ti fojú kọ́ṣẹ́. Ó jagun nílẹ̀ Faransé nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Nígbà tó dé, ó tún fúnra rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ rédíò.

Láyé ìgbà náà, yìnyín ni wọ́n ń kó sínú ọkọ̀ tó bá gbé oúnjẹ. Bí ọ̀nà bá jìn, tí oòrùn mú, yìnyín á yọ́, ẹrù á sì jẹrà. Irú àdánù bẹ́ẹ̀ ló bá ọlọ́kọ̀ kan lọ́dún 1938, tí ẹran adìẹ tó kó fi bàjẹ́ lọ́nà. Ọ̀rẹ́ Joseph Numero, ọ̀gá Jones, ni ọlọ́kọ̀ yìí.

Jones ṣe ẹ̀rọ tí jìgìjìgì ojú ọ̀nà kò lè bà jẹ́. Abẹ́ ọkọ̀ ló kọ́kọ́ so ó mọ́. Nígbà tí ẹrẹ̀ àti eruku ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó gbé e sókè, níwájú àpótí ẹrù. Ibẹ̀ náà lẹ ó ti rí i lára ọ̀pọ̀ tírélà títí dòní. Òun àti Numero ló dá ilé-iṣẹ́ tó wá di Thermo King sílẹ̀.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ẹ̀rọ rẹ̀ ni wọ́n fi tọ́jú oúnjẹ, oògùn àti ẹ̀jẹ̀ fáwọn ọmọ ogun. Jones jáde láyé ní oṣù kejì, ọdún 1961. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, lọ́dún 1991, ni Ààrẹ George Bush fi àmì-ẹ̀yẹ ńlá ti ìmọ̀ ẹ̀rọ dá òun àti Numero lọ́lá.

Ohun tójú ọlọ́kọ̀ aládìẹ rí kò ṣàjèjì sí ẹ̀yin àgbẹ̀ wa. Títí dòní, inú apẹ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ tòmátì ń wà láti òkè Ọya dé ọjà Mile 12 l'Ékòó, púpọ̀ á sì ti rà kó tó dé. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún tí ọmọ tí kò rẹ́ni tọ́ ọ ti wá ojútùú sí i. Kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ ló kù.